Ànító Oúnjẹ, Ìdápèsè Oúnjẹ àti Àṣẹ-Àwùjọ lórí Oúnjẹ

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí ni èrò mẹ́ta tí àwọn òǹkọ̀wé àti ògbufọ̀ sábà máa ń fi orúkọ kan ṣoṣo pè. A ó wá ọ̀rọ̀-ìperí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó sì fi ọ̀ràn agbègbè Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò ní Ìpínlẹ̀ Èkó dán wọn wò.

Èrò kìn-ín-ní ni pé kí gbogbo ènìyàn máa rí oúnjẹ tí ó péye jẹ nígbà gbogbo. ‘Ààbò oúnjẹ’ ni ọ̀pọ̀ ń pè é, ṣùgbọ́n lójú tiwa, ìperí yìí kò ṣe rẹ́gí. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ọlọ́dẹ ni a fẹ́ gbà tí yóò máa ṣọ́ àká. Yorùbá sì ti ń gbàdúrà fún ‘ànító àti àníṣẹ́kù’ tipẹ́. Nítorí náà, a fara mọ́ ‘ànító oúnjẹ’. Bóyá oúnjẹ tó ni ìperí yìí ń bèèrè. Kò bèèrè ibi tí ó ti wá.

Èrò kejì bèèrè ìyẹn: kí orílẹ̀-èdè máa pèsè oúnjẹ rẹ̀ fúnra rẹ̀. A pe èyí ní ‘ìdápèsè oúnjẹ’. Ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, títí dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, gba Òkòkòmáíkò kọjá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀ pa. Ìrẹsì fàyàwọ́ wà lára ohun tí ó fà á. Oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó pàṣẹ pé kí a ṣí Sẹ̀mẹ̀. Ìjọba ni ó tì í, ìjọba náà ni ó ṣí i. Ìyá tí ń ta ìrẹsì sísè ní Ìyànà-Ìbà kàn gbọ́ ìròyìn ni.

Ta ni ó yẹ kí ó pinnu? Ìbéèrè yìí ni èrò kẹta dá lé lórí. La Via Campesina, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn àgbẹ̀ olóko kékeré tí a dá sílẹ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù ní ọdún 1993, ni ó gbé e síwájú aráyé ní Róòmù ní ọdún 1996, nígbà àpérò àgbáyé lórí oúnjẹ. Ní oṣù kejì ọdún 2007, àwọn aṣojú tí ó lé ní 500 pé jọ sí Sélingué ní ilẹ̀ Mali. Wọ́n fi Nyéléni, obìnrin àgbẹ̀ inú ìtàn ilẹ̀ náà, sọ àpérò wọn lórúkọ. Wọ́n ní àwọn tí ń pèsè oúnjẹ, tí ń pín in, tí wọ́n sì ń jẹ ẹ́ ni kí ó máa pinnu lórí rẹ̀, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Ní ọdún 2018, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ìkéde ẹ̀tọ́ àwọn àgbẹ̀, tí ó kan ẹ̀tọ́ wọn sí ilẹ̀ àti irúgbìn.

Ẹnìkan lè dábàá ‘òmìnira oúnjẹ’. Ṣùgbọ́n òmìnira ń sọ pé a bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan; kò sọ ẹni tí àṣẹ kàn. ‘Àṣẹ’ nìkan, ẹ̀wẹ̀, lè mú ọba tàbí ìjọba wá sọ́kàn. Ìdí nìyí tí a fi dábàá ‘àṣẹ-àwùjọ lórí oúnjẹ’.

Ẹ jẹ́ kí a dán an wò. Kí a gbà pé ẹnìkan ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú sí àkùrọ̀ ní Ìbà. Bí ẹ̀fọ́ bá kún ọjà, ànító wà. Bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ wa ni a ti gbìn ín, ìdápèsè wà. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá lè ta ilẹ̀ náà láìbi í, tàbí tí irúgbìn bá di ohun tí ó gbọ́dọ̀ máa rà lọ́dọọdún, àṣẹ-àwùjọ kò sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti apẹja Ọ̀jọ́ bí a bá fi iyanrìn dí ọ̀sà mọ́ ọn lójú. Ọ̀ràn irúgbìn kì í sì í ṣe àfinúrò lásán: ní ọdún 2021, Nàìjíríà ṣe òfin tí ó fún àwọn tí ó mú irú ọ̀gbìn tuntun jáde ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀.

Yorùbá ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mú iṣu tí ó sì mú ọ̀bẹ ni ó ń pinnu ẹni tí yóò jẹ. Bí ògbufọ̀ bá pe ohun tí àwọn àgbẹ̀ ń bèèrè ní ‘ààbò oúnjẹ’, ọ̀bẹ ni wọ́n ń bèèrè, iṣu ni ó fi dá wọn lóhùn.