Bí Ohùn Àlejù Ṣe Ń Ba Hẹ́dífóònù Jẹ́ àti Àtúnṣe Tí Ó Ṣeé Ṣe

Ẹni tí ó bá ń kọ́ nípa ẹ̀ka-èdè Èkìtì yóò mọ̀ pé "ulé" ni wọ́n ń pe ohun tí Yorùbá àjùmọ̀lò ń pè ní "ilé". Fáwẹ̀lì àhánupè ni /u/ àti /i/. Apá òkè ìró ni etí fi ń dá wọn mọ̀ yàtọ̀ jù lọ, kì í ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá ń fi hẹ́dífóònù tí ó ń kùn bí oyin tẹ́tí sí ohùn arúgbó tí ó gbà sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì, kíkùn yìí lè bo apá òkè náà mọ́lẹ̀, kí ó sì kọ ohun tí bàbá kò sọ. Ọ̀rọ̀ hẹ́dífóònù kan ẹ̀ka tiwa náà nìyẹn. Kì í ṣe ti àwọn onísáyẹ́ǹsì nìkan.

Òòfà kékeré kan wà nínú hẹ́dífóònù. Wáyà tín-ín-rín tí a wé ni a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ awọ ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ níwájú òòfà yìí. Bí iná mànàmáná bá ń gba inú wáyà kọjá, òòfà yóò máa fà á, yóò sì máa tì í, awọ náà yóò sì máa gbọ̀n bí awọ ìlù.

Iná díẹ̀ ni ó nílò. Fún ọ̀pọ̀ hẹ́dífóònù, mílíwáàtì 1 ti tó láti mú ohùn dé nǹkan bí dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 100. Ṣùgbọ́n ámúpílífáyà wáàtì 50 tí a ṣe fún sípíkà óòmù 8 lè ti wáàtì 12 wọ inú hẹ́dífóònù óòmù 32, èyí tí ó jẹ́ ìlọ́po 12,000 mílíwáàtì kan! Ohun méjì ni ó lè ṣẹlẹ̀: kí wáyà gbóná títí gọ́ọ̀mù yóò fi yọ́ tàbí kí wáyà já, tàbí kí awọ fò kọjá ààlà rẹ̀, kí ó ya, kí wáyà sì máa ha ara òòfà. Híha yìí ni ó sábà máa ń fa kíkùn tí a mẹ́nu bà.

Kí a tó sọ ọ́ nù, kí a kọ́kọ́ ki í bọ inú ẹ̀rọ mìíràn tí ohùn rẹ̀ wà nílẹ̀. Bí ó bá ń dún tí ó sì ń dákẹ́ nígbà tí a bá ń mi okùn rẹ̀, okùn ni ó ní àìsàn, kì í ṣe ohùn àlejù. Ẹni tí ń tún rédíò ṣe yóò gé e, yóò sì fi òjé jó o pọ̀. Bí etí kan bá dákẹ́ pátápátá, kí ó fi mítà wọn ọ̀n láti inú hẹ́dífóònù gan-an. Bí mítà bá ka nǹkan bí óòmù 32, wáyà inú rẹ̀ ṣì wà láàyè. Bí kò bá ka nǹkan kan, wáyà ti já nìyẹn, a kì í sì í sábà rí i wé padà; odindi sípíkà kékeré inú rẹ̀ ni a ń pààrọ̀. Irun tàbí ìdọ̀tí lórí awọ náà lè fa kíkùn, èyí sì rọrùn láti yọ. Awọ tí ó ti ya kò ní àtúnṣe, ohun yòówù kí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́.

Etí akẹ́kọ̀ọ́ kò ní ohun tí a ń pààrọ̀ rárá. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2019 fún àgbàlagbà jẹ́ dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Bí ó bá dé 100, kò tó ìdajì wákàtí lọ́sẹ̀. Nítorí náà, kí olùkọ́ yí ohùn wálẹ̀ pátápátá kí ẹnikẹ́ni tó gbé e kọ́tí, kí ó sì lo ihò tí a ṣe fún hẹ́dífóònù, kì í ṣe ibi tí wáyà sípíkà ń wọ̀. Lẹ́yìn àtúnṣe, kí ó gba "ulé" àti "ilé" sílẹ̀ ní ohùn ara rẹ̀, kí ó sì gbọ́ wọn ní etí kọ̀ọ̀kan kí ó tó fi hẹ́dífóònù náà lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́.