Rà, yá, gbà, bẹ̀, kọ́: kí ló ń mú òṣìṣẹ́ dúró?

Ọ̀rọ̀ tòní kan ẹnikẹ́ni tó bá ní ènìyàn lábẹ́, ìbáà jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ní ilé ìtẹ̀wé tàbí ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ti di ọ̀gá báyìí, ẹjọ́ kan náà lẹ sì ń rò fún mi: "Prof, òṣìṣẹ́ gidi ṣọ̀wọ́n, èyí tí a rí kì í dúró." Èmi kì í ṣe onímọ̀ okòwò, èdè ni mo kọ́. Ṣùgbọ́n èdè wa ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó bí wa.

Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wa. À ń ra ẹrú. À ń yá ìwọ̀fà. À ń gba alágbàṣe. À ń bẹ ọ̀wẹ̀. À ń kọ́ ọmọọ̀ṣẹ́. Ọ̀nà márùn-ún nìyẹn tí ẹnìkan ń gbà ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ń sọ ohun tó so onítọ̀hún mọ́ iṣẹ́ náà.

Agbára ló de ẹrú mọ́lẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, á lọ. Ní ti ìwọ̀fà, gbèsè ni. Síbẹ̀, Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, jẹ́ ká mọ̀ pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ó ní ìwọ̀n iṣẹ́ tó ń ṣe fún olówó rẹ̀, ìyókù àkókò sì jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó jẹ gbèsè pàápàá ní àkókò tirẹ̀ o! Mélòó nínú wa ni kì í pe òṣìṣẹ́ lórí fóònù ní alẹ́ Sunday?

Owó ló so alágbàṣe mọ́ iṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́: ó gbà á, ó ṣe é. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó nìkan mú wá, owó tó jù ú lọ díẹ̀ lè mú un lọ, Èkó kò sì jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ní 2024, ìjọba gbé owó oṣù tó kéré jù lọ láti ₦30,000 sí ₦70,000, òfin náà sì yọ ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kò lè fi owó nìkan bá Èkó du òṣìṣẹ́.

Ọ̀wẹ̀ ńkọ́? Kò sí owó níbẹ̀, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń wá. Ṣebí bíbẹ̀ ni a bẹ̀ wọ́n, a kò pàṣẹ. Ẹni tó bẹ̀ wọ́n ń bá wọn roko, ó ń bọ́ wọn yó, nígbà tó bá sì kan tiwọn, òun náà á lọ. Ti ọmọọ̀ṣẹ́ tún yàtọ̀: ó rí ọjọ́ kan níwájú, ọjọ́ fírídọ́ọ̀mù, tí ọ̀gá yóò gbàdúrà fún un níwájú ẹbí, tí òun náà yóò sì di ọ̀gá.

Ẹ wá wo ìlú wa nígbà Ojúde Ọba. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, regbéregbé kọ̀ọ̀kan ń lọ kí Awùjalẹ̀ nínú aṣọ tó yàn. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú, àwọn télọ̀ kì í sùn. Mo mọ ọ̀gá kan tí gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi sílẹ̀ nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan, aṣọ oníbàárà wà nílẹ̀ ní gígé. Owó oṣù méjì ló jẹ wọ́n, ó sì máa ń bú wọn lójú oníbàárà. Mo mọ ìyá kan náà, tí àwọn tó ti ṣe fírídọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ rẹ̀ ń padà wá bá a rán aṣọ lásìkò yẹn. Owó rẹ̀ kò ju ti ẹlòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n ó ń sè fún wọn, òun náà ń jókòó ti máṣíìnì, bí ọdún bá sì ti parí, ó ń ti ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n lè sinmi.

A máa ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a rán ló ń kọ́ lọ́gbọ́n. Kò sọ pé ẹni tó rán an ṣe dáadáa. Ẹni tí à ń rán níṣẹ́ ẹrú lójoojúmọ́, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní jẹ́ ẹ mọ́.

"Agbanisíṣẹ́" ni ọ̀rọ̀ tí à ń lò lónìí. Ẹ tú u wò: gbà nìkan ló wà nínú rẹ̀; kò sí bẹ̀, kò sí kọ́. Àwa la máa fi wọ́n sí i. Ẹ san owó lọ́jọ́ tó pé. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa pàápàá fún agbanisíṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta péré láti ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́ bá òṣìṣẹ́ wí, ẹ pè é sí kọ̀rọ̀. Ẹ kọ́ ọ ní ohun tó lè mú lọ, kí ẹ má sì bẹ̀rù pé yóò lọ. Bí ẹnìkan bá tún wá dágbére fún yín, kí ẹ tó pè é ní aláìmoore, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: nínú ọ̀rọ̀-ìṣe márùn-ún yẹn, èwo ni mo lò fún un?