ÀMÓJÚTÓ IPÒ Ọ̀WỌ́ KỌ̀ǸPÚTÀ NÍNÚ ÀKÁ DÁTÀ ORÍ ÀWỌSÁNMÀ: ÀPẸẸRẸ AMAZON REDSHIFT

Àṣamọ̀

Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ àti àjọ ni kò tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn sínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì nìkan mọ́; inú àká dátà tí wọ́n ń háyà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń kó o sí. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí a ṣe ń mójú tó ipò irú àká bẹ́ẹ̀, ó sì fi Amazon Redshift ṣe àpẹẹrẹ. Èrò wa ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ fi ń sọ pé òun wà lẹ́nu iṣẹ́ kò tó láti gbẹ́kẹ̀ lé. Ìbéèrè mẹ́rin ni ó yẹ kí alámòójútó máa bèèrè.

1.0 Ìfáárà

Àgbẹ̀ tí ó kó àgbàdo sínú àká kì í dúró di ọjọ́ tí yóò jẹ ẹ́ kí ó tó yẹ̀ ẹ́ wò. Yóò wò ó bóyá òrùlé ń jò, bóyá kòkòrò ti wọ inú rẹ̀, àti bóyá àyè ṣì kù fún ìkórè tí ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ àká dátà rí. Àká dátà ni ibi tí a ń kó àkọsílẹ̀ láti orísun oríṣiríṣi jọ sí, kí a lè rí ìdáhùn sí ìbéèrè tí ìwé àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo kò lè dáhùn.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní cloud, tí a pè ní àwọsánmà nínú iṣẹ́ yìí, kò ju kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn tí a ń háyà láti òkèèrè lọ. A kò lè fi ojú wa rí ẹ̀rọ náà, a kò sì lè fi ọwọ́ kàn án. Ìròyìn tí ó bá fi ránṣẹ́ nìkan ni a ní. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a mọ ohun tí ìròyìn náà ń sọ àti ohun tí kò sọ.

2.0 Bí Ọ̀wọ́ Kọ̀ǹpútà Náà Ṣe Rí

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012 ni wọ́n kéde Amazon Redshift; oṣù Kejì ọdún 2013 ni wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo oníbàárà. Nínú ọ̀wọ́ tí ó ní ju kọ̀ǹpútà kan lọ, ọ̀kan ni aṣíwájú. Òun ni ó ń gba ìbéèrè, tí ó ń pín iṣẹ́, tí ó sì ń kó ìdáhùn jọ. Àwọn yòókù ni òṣìṣẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣiṣẹ́ lórí ìpín dátà tirẹ̀. Láti ọdún 2022 ni oríṣi kan ti wà tí oníbàárà kò ní láti ṣàkóso ọ̀wọ́ fúnra rẹ̀. Èyí tí oníbàárà ń ṣàkóso ọ̀wọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ yìí dá lé.

3.0 Ìbéèrè Mẹ́rin fún Alámòójútó

Nínú àṣà Yorùbá, bí àlejò bá wọ agboolé, yóò kọ́kọ́ bèèrè pé, "Ṣé Bàbá wà nílé?" Bí wọ́n bá dá a lóhùn pé, "Wọ́n wà," ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Yóò tún bèèrè pé, "Ṣé ara wọn le?" Gbogbo wa ni a mọ̀ pé wíwà nílé yàtọ̀ sí àlàáfíà. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú àmójútó ọ̀wọ́ kọ̀ǹpútà.

3.1 Ṣé ó wà?

Redshift ń fi ọ̀rọ̀ kan sọ ipò ọ̀wọ́. A lè rí ọ̀rọ̀ náà lójú ìwé àkóso, a sì lè fi àṣẹ tí ń jẹ́ describe-clusters bèèrè rẹ̀. Available túmọ̀ sí pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Creating ni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá a sílẹ̀. Resizing ni pé wọ́n ń yí ìwọ̀n rẹ̀ padà. Rebooting ni pé ó ń tún ara rẹ̀ tàn. Láti ọdún 2020 ni oníbàárà ti lè dá ọ̀wọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀, ipò rẹ̀ yóò sì di paused. Ní àkókò yìí, owó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dúró ṣùgbọ́n owó ìpamọ́ dátà ń lọ.

Àwọn ipò kan wà tí wọ́n jẹ́ ìkìlọ̀. Incompatible-network fi hàn pé ètò ìsopọ̀ tí ọ̀wọ́ náà dúró lé ní àbùkù. Storage-full fi hàn pé àká ti kún. Hardware-failure fi hàn pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀wọ́ oníkọ̀ǹpútà kan ni, a kò lè pààrọ̀ kọ̀ǹpútà náà. Inú ẹ̀dà tí a ti tọ́jú sílẹ̀ ni a ó ti dá dátà padà. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀dà wà nínú ewu.

3.2 Ṣé ara rẹ̀ le?

Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ọ̀wọ́ náà ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kékeré kan. Bí ó bá rí i dáhùn, òṣùwọ̀n tí ń jẹ́ HealthStatus yóò jẹ́ 1 nínú Amazon CloudWatch. Bí kò bá rí i dáhùn, yóò jẹ́ 0. Iṣẹ́ àpọ̀jù tàbí àṣìṣe nínú ètò rẹ̀ lè fa 0. Ṣùgbọ́n kí alámòójútó tó figbe ta, kí ó wo MaintenanceMode. Ìdí ni pé ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní, ó kéré tán, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀ fún àtúnṣe, ó sì lè má dáhùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú àkókò náà.

Agogo ìkìlọ̀ CloudWatch ní ipò mẹ́ta: OK, ALARM àti INSUFFICIENT_DATA. Ẹ̀kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbójú fò. Ó túmọ̀ sí pé ìròyìn kò tó láti fi ṣe ìdájọ́. Bí ilé bá dákẹ́, a kì í sọ pé àlàáfíà ni. A máa ń kan ilẹ̀kùn.

3.3 Ṣé àyè wà?

Ọ̀wọ́ lè wà, kí ara rẹ̀ sì le, síbẹ̀ kí àyè má sí fún iṣẹ́. PercentageDiskSpaceUsed ni ó ń sọ ìdá tí a ti lò nínú ọgọ́rùn-ún; CPUUtilization ń sọ bí iṣẹ́ ṣe wọ ẹ̀rọ lọ́rùn tó. Iṣẹ́ ńlá bíi títo dátà nílò àyè ìgbà díẹ̀ tí yóò fi tú ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Bí kò bá rí i, iṣẹ́ náà yóò já.

3.4 Ṣé iṣẹ́ àná parí?

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé àjọ kan ń kó máàkì akẹ́kọ̀ọ́ wọ inú irú àká yìí ní alaalẹ́, tí àyè ìpamọ́ ọ̀wọ́ rẹ̀ sì ti dé ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní òru ọjọ́ kan, iṣẹ́ ìkówọlé já nítorí àìsí àyè. Ohun tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ni a fagi lé, dátà ìjẹta sì wà níbẹ̀ láìyẹ̀. Ní òwúrọ̀, ipò ọ̀wọ́ jẹ́ available, HealthStatus jẹ́ 1. Akọ̀wé tẹ orúkọ àwọn tí ó yege jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ tí máàkì rẹ̀ wà nínú ẹrù tí kò wọlé kò sí lórí ìwé náà.

Ẹ̀rọ kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni níhìn-ín. Ó dáhùn ìbéèrè tí a bi í. Àwa ni a kò bèèrè èyí tí ó kan akẹ́kọ̀ọ́ náà. Nítorí náà, ó yẹ kí ọjọ́ àti àkókò tí dátà wọlé kẹ́yìn máa hàn lórí gbogbo ìwé tí a bá tẹ̀ jáde láti inú àká.

4.0 Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé available jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ nìkan. Àbá wa ni pé kí àjọ tí ń lo àká dátà kọ ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, kí ó fi agogo ìkìlọ̀ sí èyí tí ẹ̀rọ lè dáhùn, kí ó sì yan ẹni tí agogo náà yóò máa jí. Agogo tí kò ní olùgbọ́ kò sàn ju àìsí agogo lọ. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Bí ẹ̀rọ bá tilẹ̀ ń bá wa ṣọ́ àká, a kò gbọdọ̀ gbé ojú tiwa kúrò níbẹ̀, nítorí ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ni ó wà nínú rẹ̀.