Omi Kò Lọ́tàá, Bí Kò Ṣe Irin

Ìròyìn ooru tí ó mú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní oṣù Kejì ọdún 2024 kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni mọ́, nítorí pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ World Weather Attribution kéde pé ọwọ́ ọmọ aráyé wà nínú rẹ̀, ó sì fi nǹkan bí 4°C gbóná ju bí ì bá ti rí lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gba ọkàn mi ni àwọn bọ́ọ̀sì tókunbọ̀ tí ń kó gààrí àti ẹ̀gẹ́ láti Mọ́níyà, Lálúpọn, Èrúnmu àti Akánrán wọ Ìbàdàn Mesí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, tí a ń bá lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú bọ́nẹ́ẹ̀tì ní ṣíṣí, tí wọ́n ń rú bí ìkòkò àmàlà, tí dẹ́rẹ́bà sì gbé kẹ́ẹ̀gì dání tí ó ń tọrọ omi. Oòrùn ni gbogbo wọn ń bú. Lójú tèmi, kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Orúkọ ló kọ́kọ́ ṣì wá lọ́nà. Omi aláwọ̀ ewé tàbí pupa tí ọkọ̀ ń gbé bọ̀ láti òkè òkun ni a ń pè ní kúláǹtì. Nítorí pé àwọn òyìnbó tún ń pè é ní antifreeze, èyí tí kì í jẹ́ kí omi di yìnyín, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa gbà pé níbi tí yìnyín kì í ti í bọ́, omi kànga ti tó. Wọn kò jẹ̀bi tán. Bí a bá da ethylene glycol àti omi pọ̀ ní ìdajì-ìdajì, àdàlù náà kò ní dì títí yóò fi tutù dé -37°C, ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè rí ní agbègbè Ìbàdàn. Omi lásán pàápàá sì ń gbé ooru dáadáa ju àdàlù náà lọ.

Iṣẹ́ tí kò sí nínú orúkọ rẹ̀ ni ó jù. Àwọn èròjà díẹ̀ wà nínú kúláǹtì tí ń bo ara irin àti alumíníọ̀mù bí ẹni fi òrí para lọ́yẹ́, kí omi má baà jẹ wọ́n. Ògún Lákáayé ni baba onírin, ṣùgbọ́n omi tí a ní kò lọ́tàá ni í sọ irin di ìpẹtà. Ìpẹtà a jábọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, a lọ dí ihò tín-ín-rín inú rédíétọ̀, omi kànga a tún fi ẹfun tirẹ̀ kún un, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ yóò máa gbóná títí tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì yóò fi jó. Àwọn èròjà wọ̀nyí ni ó sì ń tán. Àwọ̀ kì í tán: kúláǹtì ayé àtijọ́ kì í ju ọdún 2 lọ, ti ìgbà yìí lè tó ọdún 5, ṣùgbọ́n ojú kò lè mọ èyí tí agbára rẹ̀ ti lọ, ta ni yóò sì bi ẹni tó ta ọkọ̀ ní Jámánì?

Ẹni tí yóò pààrọ̀ kúláǹtì, kí ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Ìdérí rédíétọ̀ ń tẹ omi mọ́lẹ̀ kí ó má baà hó títí yóò fi gbóná dé nǹkan bí 120°C. Ẹni tó bá ṣí i lójijì ti tú omi náà sílẹ̀ láti hó lẹ́ẹ̀kan náà, sí ojú ara rẹ̀. Dída ti rédíétọ̀ nù kò sì tó, torí pé púpọ̀ ṣẹ́kù nínú ẹ́ńjìnnì, àti nínú ọ̀pá gígùn tí ó lọ sí ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì, níbi tí wọ́n ti ń fi í mú ara èrò móoru nílùú òtútù. A ó máa fi omi ṣàn án títí yóò fi mọ́ gaara. Omi òjò tí a gbè lẹ́yìn tí òjò ti fọ òrùlé dára ju ti kànga lọ láti po kúláǹtì tuntun.

Ní ti tọ́mósítáàtì, ìlẹ̀kùn kékeré tí ń dá kúláǹtì dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi móoru, tí àwọn mẹkáníìkì ń yọ sọnù kí ọkọ̀ má baà gbóná, ó dà bí ẹni pé àǹfààní yíyọ rẹ̀ kò tó epo tí ẹ́ńjìnnì tí kì í móoru tó ń jẹ, pàápàá láti 2023 tí epo ti di ọ̀wọ́n.

Kúláǹtì àtijọ́ tí a dà nù, ẹ má dà á sójú àgbàrá. Ó dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Ìbátan rẹ̀, diethylene glycol, ló wà nínú oògùn My Pikin tó pa ọmọ 84 ní Nàìjíríà láàrin 2008 sí 2009. Ewúrẹ́ abúlé kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí omi lásán.