Ta Ni Ọmọ Yóò Sá Tọ̀ Lóru? Ìgbé Ayé Inú Ilé ní Bọ́dìn Àwọn Ọmọkùnrin

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò jẹ mọ́ ohun tí a ń kọ́ ọmọ ní kíláàsì. Ó jẹ mọ́ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí i láti ìgbà tí agogo ìparí ẹ̀kọ́ bá ti dún títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nínú yàrá gígùn tí ogún tàbí ọgbọ̀n ọmọkùnrin ń sùn sí, tí olúkúlùkù ní bẹ́ẹ̀dì kan, àpótí onírin kan, àti gàrí tí ìyá rẹ̀ dì fún un.

Ìpín tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní háòsì, ilé ni àwa pè é. Àwọn òbí wa gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ọkàn wọn sì lọ sí agbo ilé: baálé ní iwájú, ọ̀pọ̀ ọmọ ní ẹ̀yìn, àwọn ẹ̀gbọ́n tí ń tọ́ àwọn àbúrò. Ìfarajọra náà kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ilé ní bọ́dìn ní orúkọ àti àwọ̀ tí a fi ń dá a mọ̀, ó sì ní orin tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi ń yin ín bí ẹni ń ki oríkì. Ní Government College, Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1929, ọ̀kan nínú àwọn ilé náà ń jẹ́ Carr, ní ìrántí Henry Carr, ọmọ Èkó tí ó di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ẹ̀kọ́, tí ó sì kú ní 1945.

Ṣùgbọ́n ibi tí a ti mú ètò náà wá kì í ṣe agbo ilé. Thomas Arnold, àlùfáà tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Rugby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1828 títí ó fi kú ní 1842, ni òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ fi ọmọ jẹ olórí ọmọ. Ohun tí ó ṣe ni pé ó sọ àwọn ọmọ kíláàsì tí ó ga jù lọ di apá kan ìjọba ilé-ẹ̀kọ́, ó gbé àṣẹ lé wọn lọ́wọ́, ó sì retí pé kí wọ́n lò ó bí onígbàgbọ́. Ní Èkó, nígbà tí a ṣí CMS Grammar School ní 1859, ọmọ mẹ́fà péré ni Thomas Babington Macaulay, ọ̀gá àkọ́kọ́, fi bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n sì ń gbé inú ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tí ń tọ́jú ọmọ mẹ́fà kò nílò igbákejì. Nígbà tí ọmọ di igba, ojú àgbà kan kò ká wọn mọ́. Pírífẹ́ẹ̀tì wá di ojú rẹ̀, ó di etí rẹ̀, kí a má sì fi ọ̀rọ̀ pamọ́, ó di pàṣán rẹ̀.

Mo ti jẹ́ pírífẹ́ẹ̀tì rí, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Ọmọ fọ́ọ̀mù kìn-ín-ní kan wà ní ilé wa tí ó máa ń tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Òfin ilé ni pé kí atọ̀ọ́lé ru mátírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ yí pápá ká ní ìṣojú gbogbo wa kí a tó lọ jẹun àárọ̀. Èmi ni mo ń ka iye ìgbà tí ó bá yí i. Ọmọ náà kò sunkún. Ó dá ọgbọ́n mìíràn: kò mu omi mọ́ láti ọ̀sán, kò sì jẹ́ kí oorun gbé òun lọ ní òru. Ó wá ń sùn ní kíláàsì, olùkọ́ sì ń nà án nítorí oorun. Olùkọ́ alábòójútó ilé wa, ènìyàn rere tí ń gbàdúrà pẹ̀lú wa ní alaalẹ́, kò mọ nǹkan kan, nítorí láti ẹnu mi ni ìròyìn ilé ti ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, n kò sì ka èyí sí ìròyìn.

Métírọ̀n ni ó rí i. Obìnrin yìí, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó ka aṣọ ìbora kí ó sì fún wa ní oògùn ibà, ṣàkíyèsí pé ètè ọmọ náà bó. Ó bi í léèrè, ọmọ náà sì sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ó ti gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, tí ó ń wá jí i láàárín òru, tí ó sì ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò fi ẹjọ́ mi sùn. Ohun kan ṣoṣo tí ó sọ fún mi ni pé, “Ìwọ ọmọ yìí, má kà á mọ́.”

Lónìí a mọ̀ pé títọ̀ sílé kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ. Ó wọ́pọ̀ lára ọmọkùnrin ju ọmọbìnrin lọ. Ọmọ tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sì lè padà sí i bí ìbẹ̀rù tàbí ìyípadà ńlá bá dé bá a. Kí n má parọ́ mọ́ àwọn baba wa: ní agbo ilé náà, a máa ń fi atọ̀ọ́lé ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí baba ń nà a máa sá sẹ́yìn ìyá àgbà, bí ó bá sì ti dé ibẹ̀, pàṣán á wálẹ̀. Bí ìyá àgbà kò bá sí nílé, àwọn ìyàwó ilé ń bẹ, ìdílé ìyá rẹ̀ sì ń bẹ ní agbo ilé mìíràn. Ọ̀nà tí ẹjọ́ ọmọ ń gbà dé etí àgbà ju ẹyọ kan lọ. Nínú ètò tí a yá, ẹni tí ń fìyà jẹ ọmọ náà ni ẹni tí ń jíṣẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo rí àbùkù rẹ̀, kì í ṣe nínú líle òfin. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan kò ní gbà. Wọn a ní ìyà náà ni ó sọ wọ́n di ènìyàn. Mo ti ṣàkíyèsí pé àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà jẹ́ àwọn tí ó ru mátírẹ́ẹ̀sì.

Lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ ní àwọn ìpínlẹ̀ wa ní 1979, ọ̀pọ̀ bọ́dìn ìjọba ni a tì. Àwọn aládàáni ti ṣí òmíràn láti ìgbà náà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 sì ka ìyà tí ń tàbùkù ọmọ léèwọ̀. Síbẹ̀, bí mo bá lọ bẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò, n kì í béèrè ìwé òfin. Mo máa ń ní kí wọ́n fi yàrá métírọ̀n hàn mí, mo sì máa ń ka ìṣísẹ̀ láti ibẹ̀ dé bẹ́ẹ̀dì ọmọ tí ó kéré jù lọ. Níbi tí mo lọ kẹ́yìn, ọgbà mìíràn ni yàrá náà wà, géètì kan sì wà láàárín wọn tí wọ́n ń tì ní aago mẹ́sàn-án alẹ́.