Ta Ni Yóò Gba Eérú?

Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin Golders Green, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, kò ní rìn jìnnà kó tó dé Hoop Lane. Itẹ́ òkú àwọn Júù wà lápá kan títì, ilé ìsunkú sì kọjú sí i. Bíríkì pupa ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó ní ilé gogoro kan tí àlejò lè pè ní ti ṣọ́ọ̀ṣì, àṣé ibẹ̀ ni èéfín ń gbà jáde. Láti 1902 ló ti wà, ọdún tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin sísun òkú.

Màmá ará Ìjẹ̀bú kan tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni mo sìn lọ. Bàbá ti sọ ọ́ kí ọlọ́jọ́ tó dé pé wọn ò gbọdọ̀ torí òun náwó ọkọ̀ òfuurufú, kí wọ́n sun òun síbí. Àbúrò bàbá bá wa lọ, ojú rẹ̀ le koko.

"Ìyàwó wa, ta lẹ ti gbọ́ pé wọ́n sun rí nílé wa?"

"Ọkọ mi, ẹnu ẹ̀gbọ́n yín lọ̀rọ̀ ti jáde, kì í ṣe ẹnu tèmi."

Òṣìṣẹ́ kan mú wa wọ ilé ìsìn. Ẹbí kọ̀ọ̀kan ló ní àkókò tirẹ̀, àwọn mìíràn sì ti ń dúró níta, nítorí náà kí pásítọ̀ tó fẹ́ràn ìwàásù gígùn tètè mọ̀. Ẹni tí kò fẹ́ ìsìn lè ní kí wọ́n kàn gbé òkú wá, kí wọ́n sun ún láìsí èrò. Owó rẹ̀ kéré jù, ẹbí á sì ṣe ìdúpẹ́ nígbà tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Ẹ̀yìn ibẹ̀ ni iná wà. Káàdì orúkọ ń tẹ̀ lé òkú láti orí pósí dé orí àpótí eérú, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń wọ ààrò lẹ́ẹ̀kan. Ooru rẹ̀ ń lọ láti 800 sí 1,000 lórí ìwọ̀n Celsius, ó sì ń gbà tó wákàtí kan àbọ̀. Bí ẹ̀rọ tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ bá wà láyà olóògbé, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́ tẹ́lẹ̀, torí ó lè bú gbàmù. Egungun ló ń ṣẹ́ kù. Wọ́n á ṣa irin kúrò, wọ́n á lọ̀ ọ́, òun là ń pè ní eérú: ó le lọ́wọ́ bí iyanrìn etí odò, ti àgbàlagbà sì máa ń tó kílò 2 sí 3.

Fọ́ọ̀mù tí ẹbí ń kọ kí wọ́n tó lè sun òkú ló dá ìjà sílẹ̀. Òkú tí wọ́n sin ṣeé hú bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, èyí tí wọ́n sun ti lọ nìyẹn, ìdí nìyẹn tí ìbéèrè fi pọ̀. Ọ̀kan ń béèrè bóyá ìbátan tó sún mọ́ olóògbé kan ò fara mọ́ ọn.

"Ẹ kọ orúkọ mi síbẹ̀!"

Òṣìṣẹ́ náà fọwọ́ lé ìlà kan: ọkọ tàbí aya, òbí, ọmọ, àti ìbátan tó ń bá olóògbé gbé. Birmingham ni àbúrò bàbá ń gbé.

"Èmi tí a jọ mu ọmú kan náà?"

Mi ò dá a lẹ́bi. Ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù yẹn ò mọ ohun tí à ń pè ní ẹbí. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti béèrè ẹni tí yóò gba eérú, ìbéèrè tí mo rò pé ó yẹ kí àwọn ẹbí wa ti jókòó lé lórí nílé.

Ọgbà ẹ̀yìn tẹ́jú, ó sì tutù. Wọ́n lè fọ́n eérú sórí koríko, kí wọ́n gbin rọ́ọ̀sì, tàbí kí wọ́n kan òkúta orúkọ mọ́ ògiri. Ẹ béèrè iye ọdún tí owó yín ká, torí ọ̀pọ̀ irú ìrántí bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ owó mìíràn tó bá yá. Àwọn tó fẹ́ kí eérú wà lójú kan ń gbé e sínú ihò ògiri. Ní ilé ìsunkú yìí ni eérú Sigmund Freud, onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá, wà, nínú ìkòkò àwọn Gíríìkì àtijọ́ tí olè gbìyànjú láti jí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2014. Ti Anna Pavlova, oníjó ilẹ̀ Rọ́ṣíà, náà wà níbẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ ti fẹ́ gbé e lọ sí Moscow rí, kò bọ́ sí i.

Ó jọ pé ìyẹn ló ta àbúrò bàbá lólobó.

"Ṣé wọ́n lè pín in?"

Wọ́n lè pín in. Kó di sátífíkéètì ìsunkú àti ti ikú mú, kí àpótí rẹ̀ má jẹ́ irin, kí ẹ̀rọ pápákọ̀ òfuurufú lè rí inú rẹ̀, kó sì kọ́kọ́ béèrè òfin ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tó fẹ́ wọ̀.

"Ìdajì nìyẹn o, ìyàwó wa. Ẹ̀gbẹ́ bàbá wa ni màá sin ín sí."

"Mo gbà, ọkọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa sọ fáwọn ará ilé pé eérú lẹ gbé bọ̀."