Ta Ló Ń Bọ́ Ọmọlangidi Gado?

Ohun méjì lẹ bi mí nípa ètò XYZ Show ti ilẹ̀ Kẹ́ńyà: bí wọ́n ṣe ń mú kí ọmọlangidi máa sọ̀rọ̀ bí ènìyàn lórí tẹlifíṣọ̀n, àti ìdí tí àwọn alágbára tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ kò fi sọ ẹni tó dá a sílẹ̀ sí àtìmọ́lé. Ìbéèrè àkọ́kọ́ rọrùn. Èkejì ló gba sùúrù, ẹ jẹ́ kí a ti ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà gan-an bẹ̀rẹ̀.

Godfrey Mwampembwa ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Gado ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ìlú Dar es Salaam ní Tànsáníà ni wọ́n bí i sí ní 1969. Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ló ń kọ́ nílé ẹ̀kọ́ gíga kó tó pa á tì ní 1992, tó sì kọjá sí Nairobi láti máa ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ fún ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Nation. Daniel arap Moi ló ń ṣe ààrẹ Kẹ́ńyà nígbà náà. Kò tíì pẹ́ tí òfin gba ẹgbẹ́ òṣèlú ju ẹyọ kan lọ láàyè, ẹ̀rù sì ṣì ń ba ọ̀pọ̀ ayàwòrán láti ya ojú ààrẹ. Gado yà á. Ó ya Moi, ó ya Kibaki tó jẹ tẹ̀ lé e, ó ya ẹni gbogbo tó bá ń fi owó ìlú ṣeré.

Ṣùgbọ́n àwòrán inú ìwé ìròyìn kì í kọjá ọ̀dọ̀ ẹni tó ra ìwé. Tẹlifíṣọ̀n ń wọ ilé oúnjẹ, ó ń wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ọmọdé àti àgbà ń wò ó papọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi ọmọlangidi ṣe yẹ̀yẹ́ olóṣèlú nínú ètò Spitting Image láti 1984, àwọn Faransé sì ti ní Les Guignols de l'info láti 1988. Ti Faransé yìí ni Gado rí tó wù ú. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wá owó àti ilé iṣẹ́ tí yóò gbà á, kó tó di pé Citizen TV gbé ètò rẹ̀ jáde ní 2009.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ayàwòrán ló máa ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Yóò wo ojú olóṣèlú náà títí yóò fi rí ohun tí ará ìlú fi ń dá a mọ̀, bóyá iwájú orí tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́, yóò sì sọ ọ́ di ńlá. Wọ́n á wá fi amọ̀ mọ orí náà, wọ́n á da píòpì lé e kó lè gba àwòrán rẹ̀. Bí píòpì bá gbẹ, wọ́n á yọ amọ̀ kúrò, wọ́n á da rọ́bà olómi sínú àlàfo tó ṣẹ́kù. Rọ́bà yìí ló máa ń rọ̀ bí awọ ara. Wọ́n á kùn ún, wọ́n á fi ojú àti irun sí i, télọ̀ á rán kóòtù fún un.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ti ọwọ́. Ẹni kan á fara pamọ́ sísàlẹ̀, á ki ọwọ́ bọ inú orí ọmọlangidi láti máa la ẹnu rẹ̀, ẹlòmíràn á sì yá a ní ọwọ́ tirẹ̀. Àwọn tó mọ ohùn olóṣèlú í sín jẹ ti ka ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ṣáájú, nítorí náà ohùn ni ọwọ́ ń tẹ̀ lé. Bí ẹnu bá pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀, ohun gbogbo ti bàjẹ́, rọ́bà lásán ni òǹwòran yóò rí.

Wọ́n fi ètò náà ṣe bí ìròyìn. Ọmọlangidi kan tó ń jẹ́ Keff Joinange ló ń kà á, ẹ̀dà Jeff Koinange tó ti ṣiṣẹ́ fún CNN nílẹ̀ Áfíríkà. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn, torí ará ìlú ti mọ bí ìròyìn ṣe ń rí, wọn kò ní láti kọ́ ohun tuntun kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín. Ìbò 2007 ti dá ìjà sílẹ̀ ní Kẹ́ńyà, ènìyàn tó ju 1,000 lọ sì kú. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, Kibaki àti Raila Odinga tí wọ́n jọ du ipò ààrẹ ti jọ ń ṣèjọba, ọ̀kan ààrẹ, èkejì olórí ìjọba. Ẹni tí ara ń ta rí àwọn méjèèjì lórí tẹlifíṣọ̀n bí ọmọlangidi, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ óò sọ pé a mọ irú rẹ̀ nílé. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀fẹ̀ inú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní agbègbè Kétu máa ń jáde lóru, yóò bú ọ̀bàyéjẹ́ lójú gbogbo ìlú, kò sì sẹ́ni tó lè mú un. Kì í ṣe ìbòjú ló ń dáàbò bò ó. Ìlú àti àwọn ìyá ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ta ló wà lẹ́yìn Gado? Onílé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni, àti àwọn tó ń san owó. Ford Foundation àti ilé iṣẹ́ aṣojú Faransé wà lára àwọn tó ràn án lọ́wọ́, nítorí owó ìpolówó ọjà nìkan kò lè gbé irú iṣẹ́ báyìí.

Ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn ìbéèrè yín kejì wà. Alágbára kò nílò ọlọ́pàá bó bá lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ilé. Ní Rọ́ṣíà, NTV ń ṣe ètò ọmọlangidi kan tó ń jẹ́ Kukly láti 1994, Viktor Shenderovich sì wà lára àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n fi Putin ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Gazprom, ilé iṣẹ́ tí ìjọba ń darí, gba NTV ní 2001. Nígbà tó fi máa di òpin 2002, Kukly ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Gado náà tọ́ ọ wò nídìí kálàmù rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2015, àwòrán tó fi ṣẹ̀fẹ̀ Ààrẹ Kikwete ti Tànsáníà jáde nínú The EastAfrican, ọ̀kan lára ìwé ìròyìn ilé iṣẹ́ Nation. Ìjọba Tànsáníà fòfin de ìwé ìròyìn náà; àlàyé tiwọn ni pé kò forúkọ sílẹ̀. Nígbà tó di 2016, Nation kò tún àdéhùn iṣẹ́ Gado ṣe mọ́. Òun fúnra rẹ̀ gbà pé àwọn olóṣèlú ló wà nídìí rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, Kofi Annan fi àmì ẹ̀yẹ Cartooning for Peace dá òun àti Zunar ará Malaysia lọ́lá ní Geneva. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n àmì ẹ̀yẹ kì í san owó oṣù.

Ọwọ́ ilé iṣẹ́ Gado kan ilẹ̀ wa náà. Buni, tí òun àti Marie Lora-Mungai jọ dá sílẹ̀, ṣe ètò ọmọlangidi kan fún Nàìjíríà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Ogas at the Top. Oníṣẹ́ ọnà tó lè ṣe irú rẹ̀ pọ̀ láàrin wa, olóṣèlú tó yẹ ní fífi ṣe é sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ọ̀dọ́ kan bá wá sọ fún yín lọ́la pé òun fẹ́ dá irú ètò yìí sílẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Èkó, ẹ bi í léèrè ẹni tí yóò máa san owó rẹ̀, kí ẹ sì fi tiyín kún un.